Ọjọ́ Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Lórí Àwọn Òkè Alps

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ni ó ti gbọ́ orúkọ Hannibal rí. Bí a bá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ léèrè ohun tí ó mọ̀ nípa ọkùnrin náà, yóò dáhùn kíákíá pé òun ni ó kó erin gun òkè. Bí a bá sì tún bi í pé kí ni ó tún mọ̀, yóò dákẹ́. N kò dá ọmọ náà lẹ́bi, nítorí bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti mọ̀ ọ́n fún ọdún púpọ̀, tí mo sì ń fi í kọ́ni. Ìgbà tí mo jókòó ti ìtàn náà dáadáa, tí mo ka iye àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà, tí mo sì ka iye àwọn tí ó parí rẹ̀, ni mo tó mọ̀ pé ó yẹ kí a máa ka ènìyàn kí a tó máa ka erin.

Carthage ni ìlú Hannibal, létí òkun ní àríwá ilẹ̀ Áfríkà, níbi tí a ń pè ní Tùnísíà lónìí. Àwọn ará Tírè, ìlú oníṣòwò tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì, ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n sì mú èdè àti òrìṣà wọn dání lọ síbẹ̀. Ẹ wo orúkọ Hannibal fúnra rẹ̀: ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Báálì ti ṣe ojúrere. Ìbátan ni ó jẹ́ fún orúkọ Hananáyà tí àwọn Hébérù ń sọ ọmọ wọn, àfi pé Ẹni tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀kan kọ́ ni a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú èkejì. Láti ọdún 264 títí dé ọdún 241 kí a tó bí Kristi ni Carthage àti Róòmù fi bá ara wọn jà nítorí erékùṣù Sicily. Róòmù ṣẹ́gun, ó gba Sicily, ó bu owó ìtanràn ńlá lé Carthage lórí, ó sì di ọ̀gá lójú òkun. Hamilcar, bàbá Hannibal, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn balógun tí ìṣẹ́gun náà dùn wọ inú eegun. Nígbà tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Sípéènì láti lọ wá agbára mìíràn fún ìlú rẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ sídìí pẹpẹ, ó ní kí ó búra pé òun kì yóò ṣe ọ̀rẹ́ Róòmù láéláé. Hannibal tìkára rẹ̀ ni ó sọ ìtàn ìbúra yìí nígbà tí ó ti dàgbà.

Ní 221 àwọn ọmọ ogun Carthage tí ó wà ní Sípéènì yan Hannibal ní balógun. Gbogbo ọdún tí mo ń dárúkọ wọ̀nyí jẹ́ ọdún kí a tó bí Kristi, nítorí náà iye wọn ń dínkù bí ìtàn ti ń lọ síwájú. Kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ má ṣe jẹ́ kí èyí dà á láàmú. Ní 219 Hannibal kó Saguntum, ìlú kan tí ó ní ìmùlẹ̀ pẹ̀lú Róòmù, nígbà tí ó sì di 218 ogun ti bẹ́ sílẹ̀. Àwọn alàgbà Róòmù pète láti gbé ogun náà lọ bá ọ̀tá ní ilé rẹ̀: olórí ogun kan yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Sípéènì, èkejì yóò gba Sicily kọjá sí Áfríkà. Wọn kò lálàá rẹ̀ pé ọ̀tá lè wá bá wọn ní ilé tiwọn. Hannibal ní tirẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá gba ojú òkun, ọkọ̀ Róòmù yóò pàdé òun. Ọ̀nà orí ilẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́kù, ọ̀nà náà sì gba orí àwọn òkè Alps, tí ó dàbí odi gíga tí a mọ yí ìhà àríwá ilẹ̀ Ítálì ká.

Ó gbéra láti New Carthage, ìlú tí a ń pè ní Cartagena lónìí. Nígbà tí ó kọjá àwọn òkè Pyrenees tí ó pààlà láàárín Sípéènì àti Faransé, 50,000 ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ àti 9,000 ẹlẹ́ṣin ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá odò Rhône, ẹlẹ́sẹ̀ ku 38,000, ẹlẹ́ṣin sì lé díẹ̀ ní 8,000. Erin wọn jẹ́ 37. Erin kì í fẹ́ tẹ ohun tí ń mì lẹ́sẹ̀, nítorí náà wọ́n di igi ńláńlá pọ̀, wọ́n so ó mọ́ etí odò, wọ́n sì da erùpẹ̀ lé e lórí kí ó lè dàbí ilẹ̀. Abo erin méjì ni wọ́n kọ́kọ́ dà síwájú, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a gé okùn, tí igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lọ, jìnnìjìnnì bo àwọn ẹranko náà, òmíràn sì já sínú omi. Àwọn tí ń dà wọ́n kú sínú odò. Ṣùgbọ́n erin na ọwọ́jà sókè, wọ́n ń fi í mí, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn nísàlẹ̀ omi títí wọ́n fi gòkè ní òdì kejì. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí Hannibal kúrò níbẹ̀ ni Publius Scipio, olórí ogun Róòmù tí ń lọ sí Sípéènì, dé ibùdó rẹ̀. Eérú ni ó bá. Ẹnu yà á pé ènìyàn lè dán irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wò. Ó padà sí etí òkun, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ítálì láti lọ dè é ní ìsàlẹ̀ òkè.

Kí n tó mú yín gun òkè, ó yẹ kí n sọ ẹni tí a ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀. Polybius, ará Gíríìkì, ni a mú lọ sí Róòmù ní 167 gẹ́gẹ́ bí ìdógò. Ó bi àwọn tí ọ̀ràn náà ṣojú wọn léèrè, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin àwọn òkè náà kí ó tó kọ̀wé. Inú bí i sí àwọn òǹkọ̀wé kan tí ó wí pé òrìṣà ni ó yọ sí Hannibal tí ó sì fi ọ̀nà hàn án; ó ní àwọn ará Gaul ti ń kó ogun ńlá kọjá lórí òkè náà kí a tó bí Hannibal, àti pé Hannibal ti wádìí ọ̀nà kí ó tó gbéra. Livy, ará Róòmù, kọ tirẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn ìrìn náà. Ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ ju Polybius lọ, ó sì yẹ kí a ṣọ́ra fún un nítorí èyí gan-an. Àwọn ará Gíríìkì méjì, Sosylus àti Silenus, bá Hannibal gbé, wọ́n sì kọ ìwé nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé wọn ti sọnù. Carthage pàápàá, Róòmù pa á run ní 146, Polybius sì wà níbẹ̀. Nítorí náà ohun tí a mọ̀ nípa ìrìn yìí, ọwọ́ àwọn tí ó ṣẹ́gun àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ni a ti gbà á.

Kí wọ́n tó dé ẹsẹ̀ òkè, wọ́n gba ilẹ̀ kan kọjá tí odò méjì yí ká, níbi tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń jà sí oyè. Hannibal gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n, ó sì lé àbúrò jáde. Ọba tuntun náà mọ oore. Ó fún wọn ní oúnjẹ, ó pààrọ̀ ohun ìjà tí ó ti gbó fún wọn, ó fún wọn ní aṣọ òtútù, ó sì fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní bàtà. Mo máa ń dúró lórí bàtà yìí bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn náà. A kì í gbẹ́ ère bàtà sí ojú ọjà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Áfríkà àti ọmọ Sípéènì wọ̀nyí fẹ́ lọ tẹ yìnyín, oṣù tí ó sì yẹ kí wọ́n fi kọjá ti ń lọ.

Àwọn ẹ̀yà kan tí a ń pè ní Allobroges gba orí òkè níbi tí ọ̀nà ti há. Hannibal rán àwọn ará Gaul tí ń mọ̀nà fún un lọ ṣe amí, wọ́n sì mú ìròyìn wá pé ọ̀sán nìkan ni àwọn ènìyàn náà ń ṣọ́nà. Bí alẹ́ bá lẹ́, wọn a padà lọ sùn ní ilé. Ní òru ó dá iná púpọ̀ sí ibùdó kí ojú má bàa fura, ó mú àwọn akọni díẹ̀, ó sì lọ jókòó sí ibi tí àwọn olùṣọ́ náà ti kúrò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ogun bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìsàlẹ̀ kọjá ní ọ̀wọ́ tóóró. Àwọn Allobroges padà dé, wọ́n rí i pé a ti gba ipò wọn, ṣùgbọ́n wọ́n rí àwọn ẹran arẹrù tí ń fà tìrí tìrí lọ ní bèbè ọ̀gbun, wọn kò sì lè mú ojú kúrò. Wọ́n kọlù wọ́n. Ẹṣin tí a ṣá lọ́gbẹ́ yíjú padà, ó kọlu èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìbaaka tí a tì yẹ̀ ní ẹsẹ̀, ó sì ré sí ọ̀gbun tòun ti ẹrù. Hannibal dúró lókè, ó ń wò wọ́n. Ó mọ̀ pé bí òun bá sáré sọ̀kalẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ yóò pọ̀ sí i. Ó sì mọ̀ pé bí ẹrù bá ṣègbé, ebi yóò pa àwọn tí idà kò pa. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó lé àwọn ọ̀tá, ṣùgbọ́n ó pàdánù púpọ̀ nínú àwọn tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kan náà ó gba ìlú wọn, ó sì bá ọkà àti màlúù níbẹ̀ tí ó tó jẹ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ̀yà mìíràn tún wá pàdé wọn pẹ̀lú ẹ̀ka igi lọ́wọ́, èyí tí í ṣe àmì àlàáfíà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n mú màlúù wá, wọ́n fi ènìyàn sílẹ̀ ṣe ìdógò, wọ́n sì ní àwọn yóò mọ̀nà. Hannibal kò gbà wọ́n gbọ́ tán, ṣùgbọ́n ó rò pé bí òun bá kọ̀ wọ́n, wọn yóò di ọ̀tá ní gbangba. Ó kó ẹrù àti ẹlẹ́ṣin síwájú, ó sì fi àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tí ó lágbára sẹ́yìn. Bí kò bá ṣe ètò yìí, ìtàn náà ì bá ti parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, nínú àfonífojì kan tí òkúta ga ní ọ̀tún àti òsì, àwọn amọ̀nà náà yí padà. Wọ́n ń yí òkúta ńlá láti òkè wá sórí ènìyàn àti ẹran. Hannibal fi gbogbo òru náà ṣọ́ ibi òkúta funfun kan, ó ya kúrò lọ́dọ̀ ẹlẹ́ṣin àti ẹrù rẹ̀, títí wọ́n fi kọjá tán ní òwúrọ̀. Ibi kan ṣoṣo ni àwọn ará òkè kò súnmọ́, èyí ni ibi tí erin wà. Wọn kò rí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn baba wa wí pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí; àwọn ènìyàn wọ̀nyí rí i kedere, wọ́n sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án wọ́n dé orí òkè. Wọ́n pa àgọ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì láti dúró de àwọn tí ó kù lẹ́yìn. Ohun tí ó yà wọ́n lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ẹṣin àti ìbaaka tí ó ti sá ní ọjọ́ ìjà ń wọlé wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti tọ ipa ẹsẹ̀ ogun dé àgọ́. Ṣùgbọ́n òpin ọdún ti súnmọ́ tòsí, òjò dídì ti ń kó jọ ní orí òkè, ọkàn àwọn ọmọ ogun sì ti rẹ̀wẹ̀sì. Hannibal pè wọ́n jọ. Láti ibẹ̀ a lè rí pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Po nísàlẹ̀. Ó nawọ́ sí i, ó rán wọn létí pé àwọn ará Gaul tí ń gbé ibẹ̀ ń retí wọn, ó sì fi apá ibi tí Róòmù wà hàn wọ́n.

Ẹni tí ó bá ti gun òkè Ìdánrè rí mọ̀ pé sísọ̀kalẹ̀ ni orúnkún fi ń gbọ̀n. Àwọn ènìyàn Hannibal kò rí ọ̀tá kankan mọ́ bí kò ṣe olè díẹ̀, síbẹ̀ Polybius wí pé iye tí wọ́n pàdánù ní ìsọ̀kalẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n pàdánù ní ìgòkè. Òjò dídì bo ọ̀nà. Ẹni tí ó bá tẹ ibi tí kì í ṣe ọ̀nà, ọ̀gbun ni ó lọ. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n dé ibi tí ilẹ̀ ti ya kúrò lára òkè ní nǹkan bí 300 yáàdì, tí erin àti ẹran arẹrù kò sì lè gbà á kọjá. Hannibal fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ yí i ká. Ṣùgbọ́n òjò dídì ti ọdún tí ó kọjá wà lábẹ́, ó ti le bí òkúta, tuntun tí ó rọ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀. Ènìyàn a tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ a wọlé, a sì yọ̀ bí ẹni tí ó tẹ àpáta tí ewédò bò. Bí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ àti orúnkún dìde, gbogbo wọn a jùmọ̀ yọ̀ lọ. Ẹran arẹrù wúwo ju ènìyàn lọ. Wọn a fọ́ yìnyín ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn a sì há síbẹ̀ bí ẹni tí a rì mọ́lẹ̀.

Ó pa èrò náà tì. Wọ́n gbá òjò dídì kúrò, wọ́n pa àgọ́ sí orí bèbè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà sí ara òkè. Ní ọjọ́ kan, ọ̀nà náà gba ẹṣin àti ìbaaka, a sì dà wọ́n lọ sí ibi tí koríko wà. Ti erin gba ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ará Numidia, ọmọ àríwá Áfríkà, àwọn tí a mọ̀ sí ẹlẹ́ṣin tí ó yára jù lọ nínú ogun náà, ni a pín ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ láti ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ṣe é pẹ̀lú ìnira púpọ̀. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn erin kú, nítorí igi kò sí lórí ibẹ̀, koríko kò sì sí. Orúkọ ọ̀kan nínú àwọn tí ó la ọ̀nà náà kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Níbí ni Livy ti wí pé wọ́n dáná sun àpáta, wọ́n sì da ọtí kíkan lé e kí ó lè fọ́. Polybius kò mẹ́nu bà á. Pé iná ń fọ́ òkúta kì í ṣe àròsọ. Àwọn afọ́kùúta ilẹ̀ wa pàápàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Livy ní láti wá igi ńláńlá sí ibi tí Polybius ti rí i pé kò sí igi, ó sì ní láti jẹ́ kí ogun tí ebi ń pa ru ọtí kíkan gun òkè. Kí olùkọ́ bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ léèrè ẹni tí wọ́n gbàgbọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí i wọ́n tẹ ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi rìn láti New Carthage, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú rẹ̀ ni wọ́n sì lò lórí àwọn òkè Alps. Iye ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́ 20,000: ọmọ Áfríkà 12,000, ọmọ Sípéènì 8,000. Ẹlẹ́ṣin kò ju 6,000 lọ. Ẹ yọ èyí kúrò nínú iye tí ó kọjá odò Rhône, ẹ ó sì rí i pé 18,000 ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin tí ó ju 2,000 lọ kò sí mọ́. Ó ṣe é ṣe kí àwọn mìíràn ti sá lọ, ṣùgbọ́n a kò ka àwọn tí ń ru ẹrù tàbí àwọn tí ń da erin mọ́ wọn rárá. Livy sọ ti Cincius Alimentus, ará Róòmù kan tí Hannibal mú ní ìgbèkùn, tí ó wí pé òun gbọ́ lẹ́nu Hannibal fúnra rẹ̀ pé 36,000 ni òun pàdánù lẹ́yìn odò Rhône. Èmi gba ti Polybius, nítorí ìdí kan tí n óò sọ ní ìparí; ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ẹ bá gbà, Róòmù kò tí ì ta ọfà kan lórí òkè náà.

Nítorí náà ni mo fi máa ń lọ́ra láti yin balógun yìí láìdúró. Ìgboyà rẹ̀ dájú, ọgbọ́n rẹ̀ náà dájú. Àṣìṣe rẹ̀, lójú tèmi, ni àkókò: ó ti mọ ọ̀nà, ó ti mọ àwọn tí yóò gbà á lálejò ní òdì kejì, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ọdún gbó kí ó tó dé ẹsẹ̀ òkè. Òjò dídì tí ó pa àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ òjò dídì tuntun.

Ọ̀nà tí ó gbà gan-an, àwọn ọ̀mọ̀wé kò tí ì fi ohùn ṣọ̀kan lé e lórí. Àwọn kan wí pé Col du Clapier, àwọn mìíràn Montgenèvre, àwọn mìíràn sì ni Col de la Traversette, tí ó ga tó 2,947 mítà. Ní ọdún 2016 ti àkókò tiwa, àwọn onímọ̀ kan kéde pé àwọn rí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹran púpọ̀ ti rò pọ̀ lẹ́bàá Traversette, pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹran tí ọjọ́ orí rẹ̀ súnmọ́ àkókò Hannibal. Èyí kò tí ì parí àríyànjiyàn náà. Ní 1959 John Hoyte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú erin kan gba òkè Mont Cenis kọjá sí Ítálì láti wò ó bí ó bá ṣe é ṣe. Ó ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń yí òkúta lù wọ́n.

Ní Ítálì, Hannibal ṣẹ́gun lẹ́bàá odò Trebia ní oṣù Kejìlá 218. Òtútù tí ó tẹ̀ lé e pa gbogbo erin tí ó kù àfi ọ̀kan, ọ̀kan yìí ni ó sì gùn kọjá nínú àbàtà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí àìsàn ojú gba ẹyinjú rẹ̀ kan. Ó tún ṣẹ́gun ní Trasimene ní 217 àti ní Cannae ní 216, síbẹ̀ kò wọ ìlú Róòmù. Ní 207 Hasdrubal, àbúrò rẹ̀, kó ogun gba òkè Alps kan náà wá ràn án lọ́wọ́. Livy wí pé ìrìn tirẹ̀ rọrùn jù, nítorí ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti là, àti nítorí pé àwọn ará òkè ti mọ̀ pé àwọn kọ́ ni ogun náà ń wá. Ó yára dé. Róòmù pa á lẹ́bàá odò Metaurus, a sì ju orí rẹ̀ sí iwájú ibùdó Hannibal.

Ní 205, ọdún méjì kí Carthage tó pè é padà sí ilé, Hannibal wà ní ìhà gúúsù pátápátá ilẹ̀ Ítálì, ilẹ̀ tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní tẹ́ḿpìlì Hera tí ó wà ní Lacinium, ó gbé àkọlé kan kalẹ̀ ní èdè Carthage àti ní èdè Gíríìkì, nínú èyí tí ó ka iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ojú Polybius ni ó fi rí idẹ náà, láti ara rẹ̀ ni ó sì ti da iye àwọn tí ó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè kọ: 12,000, 8,000, àti 6,000. Òpó kan ṣoṣo nínú tẹ́ḿpìlì náà ni ó ṣì wà ní ìdúró lónìí, létí òkun lẹ́bàá ìlú Crotone. Idẹ náà kò sí mọ́.